Ìdájọ́ Tí Kò Yé Ènìyàn Kò Tíì Parí

Èrò kan wà tó ti ta gbòǹgbò láàrin àwọn amòfin àgbáyé, tí àwọn olóṣèlú gbà lẹ́nu wọn, tí àwọn oníwèé ìròyìn sì ń tún wí bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Èrò náà ni pé nígbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ láàrin àwọn orílẹ̀-èdè bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Pé ohun tó kù kò ju kí ẹni tó jàre gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ẹni tó jẹ̀bi sì tẹrí ba fún òfin. Àti pé adájọ́ tó bá tún padà wá ń ṣàlàyé ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ ń bu iyì ara rẹ̀ kù, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún aláwìíjàre tí kò fẹ́ gba ẹ̀bi. Wọn a sì fi òwe àwọn baba wa gbè é lẹ́sẹ̀ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Èrò yìí ni mo dìde láti bá jà. Mo mọ iyì ìdájọ́ àṣekágbá, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan án. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn tó ń pariwo pé àwọn ń dáàbò bò ó gan-an ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìdájọ́ tí kò yé àwọn tí a dá a fún kò tíì parí, bó ti wù kí òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀ tóbi tó. Ilé-ẹjọ́ tó bá sì kọ̀ láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ní gbangba, kò ní ṣàì túmọ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, níbi tí olùpẹjọ́ kò sí, tí olùjẹ́jọ́ kò sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bi í pé kí ló rí lọ́bẹ̀ tó fi waaro ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òfin, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí mo ń bá jiyàn gbà pé ẹsẹ̀ àwọn múlẹ̀ sí. Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé, tó ń jókòó ní Ààfin Àlàáfíà ní ìlú Hague nílẹ̀ Netherlands, ní ìwé òfin ìdásílẹ̀ tí a ṣe ní ọdún 1945 pẹ̀lú ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọ̀rọ̀ tó kàn wá sì wà ní abala 60 rẹ̀. Abala náà kò ju gbólóhùn méjì lọ. Èkíní sọ pé ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ yìí ni òpin, kò sì sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí rẹ̀. Èkejì sọ pé bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lórí ìtumọ̀ ìdájọ́ náà tàbí lórí ibi tí agbára rẹ̀ dé, ilé-ẹjọ́ yóò túmọ̀ rẹ̀ bí èyíkéyìí nínú àwọn tó wà nínú ẹjọ́ náà bá béèrè. Àwọn elérò òpin a máa ka èkíní ketekete, wọn a sì gbé èkejì mì. Ṣùgbọ́n ẹni tó so méjèèjì pọ̀ sínú abala kan ṣoṣo mọ ohun tó ń ṣe: ó ti ilẹ̀kùn kòtẹ́milọ́rùn pa pátápátá, ó sì mọ̀ pé ìwà ìkà ni láti ti ènìyàn mọ́ inú ilé tí kò ní fèrèsé, nítorí náà ó fi fèrèsé sí i.

Ẹ tún wo abala 61 tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹnìkan bá rí ẹ̀rí tuntun tí kò sí lọ́wọ́ nígbà ẹjọ́, tó sì fẹ́ kí a tún ìdájọ́ yẹ̀ wò, oṣù 6 péré ni òfin fún un láti ọjọ́ tó rí ẹ̀rí náà, bí ọdún 10 bá sì ti kọjá lórí ìdájọ́, ilẹ̀ ti ṣú. Ṣùgbọ́n fún ìbéèrè ìtumọ̀, òfin kò dá oṣù, kò dá ọdún. Àwọn tó kọ òfin náà mọ̀ pé ẹ̀rí a máa gbó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò yé ènìyàn lónìí lè má yé e títí ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò fi jókòó sí ipò rẹ̀.

Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òwe yìí ti ń jẹ́: láàrin baba àti ọmọ, láàrin ọ̀rẹ́ méjì, láàrin àwọn tí ojú ara wọn ń tì, tí wọ́n sì ń fẹ́ ire fún ara wọn. Orílẹ̀-èdè méjì tó bá ti fa ara wọn dé Hague ti kọjá ibi tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ń di odindi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí adájọ́ bá sọ fún wọn, oníkálùkù yóò fi àbọ̀ tirẹ̀ kún un, odindi méjì ni yóò sì dà, odindi méjì yìí gan-an ni wọn yóò sì gbé ìbọn tì lẹ́yìn.

Ilé-ẹjọ́ tó ṣáájú ti òde òní, èyí tó wà ní ayé àjọ League of Nations, mọ èyí dáadáa. Ní ọdún 1926 ó dájọ́ pé ìjọba Poland kò ṣe bí àdéhùn ṣe wí nígbà tó gba ilé iṣẹ́ nítréètì kan lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní Chorzów, ní ilẹ̀ Silesia Òkè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Poland fi gba ilé-ẹjọ́ abẹ́lé ní Kattowitz lọ, pé kí wọ́n bá òun fagi lé ẹ̀tọ́ oní-nǹkan sórí ilé iṣẹ́ náà, bí ẹni pé ìdájọ́ Hague fi àyè sílẹ̀ fún un láti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Jámánì padà sí Hague, ó ní kí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1927, ilé-ẹjọ́ náà gbà láti túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kò pọn dandan kí ìjọba méjèèjì ti jókòó ṣe ìpàdé tàbí kọ̀wé ránṣẹ́ sí ara wọn kí a tó gbà pé àríyànjiyàn wà. Ó tó pé ohun tí ẹnìkíní rí nínú ìdájọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ẹnìkejì rí. Ó tún ní ìtumọ̀ kò fi ohunkóhun kún ìdájọ́, àlàyé ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Nínú gbólóhùn méjì yìí ni gbogbo ọgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wà: kí ẹnu ọ̀nà gbòòrò, kí yàrá tí a ń wọ̀ sì ní ògiri. Ó dùn mí pé àwọn tó jogún ilé náà di ògiri mú, wọ́n sì sọ ẹnu ọ̀nà di ojú abẹ́rẹ́.

Ẹ wo bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Víctor Raúl Haya de la Torre, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní ilẹ̀ Peru, sá wọ ilé aṣojú ìjọba Colombia ní ìlú Lima nígbà tí àwọn ológun ń wá a. Ẹjọ́ dé Hague. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1950, àwọn adájọ́ sọ pé ààbò tí Colombia fún un kò bá àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Havana ní ọdún 1928 mu. Wọn kò sì sọ bóyá kí Colombia fa ọkùnrin náà lé Peru lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan náà ni Colombia kọ̀wé pé ẹ jọ̀wọ́, ẹ túmọ̀ èyí fún wa, ṣé kí a fà á kalẹ̀ ni àbí kí a má fà á kalẹ̀? Ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, ilé-ẹjọ́ kọ ìbéèrè náà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò bi òun léèrè ohun tí Colombia ń béèrè nígbà ẹjọ́, àti pé àríyànjiyàn kò lè ti wà lórí ìdájọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ní ọjọ́ tí ìbéèrè dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe òótọ́ sí ilé-ẹjọ́ náà: adájọ́ kò gbọdọ̀ fi orúkọ ìtumọ̀ dá ẹjọ́ tí a kò pè. Ṣùgbọ́n kí ni ó ná ilé-ẹjọ́ láti wí pé kò sí ohunkóhun nínú ìdájọ́ àwọn tó pàṣẹ kí a fa ènìyàn kalẹ̀? Gbólóhùn kan péré ni. Nítorí pé wọn kò sọ ọ́, ẹjọ́ kẹta ni a ní láti pè kí a tó gbọ́ ọ, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1951: Colombia kò ní láti fà á kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ààbò náà gbọ́dọ̀ dópin. Bí yóò ṣe dópin láìfa ọkùnrin náà kalẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn kọ́ nìyẹn. Ọdún 1954 ni Haya de la Torre tó jáde kúrò nínú ilé náà. Ó lò ju ọdún 5 lọ nínú ilé kan, adájọ́ sì ti dájọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé òpin ẹjọ́ nìyí?

Ìdájọ́ tó kan òkè Dangrek, ní ẹnubodè Cambodia àti Thailand, wá ju èyí lọ. Níbẹ̀ ni tẹ́ḿpìlì Preah Vihear dúró sí, létí ọ̀gbun, ilé òrìṣà olókùúta tí àwọn ọba Khmer kọ́ fún Shiva láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1904, Faransé tó ń ṣàkóso Cambodia bá Siam, tí à ń pè ní Thailand lónìí, ṣe àdéhùn pé ibi tí omi òjò ti ń pínyà lórí òkè náà ni ẹnubodè yóò gbà. Ṣùgbọ́n máàpù tí àwọn ọ̀gágun Faransé yà ní ọdún 1907, tí a tẹ̀ ní Paris, gbé tẹ́ḿpìlì náà sí ìhà Cambodia, Siam gba máàpù náà, kò sì wí nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kódà nígbà tí Ọmọ-ọba Damrong ti Siam lọ wo tẹ́ḿpìlì náà ní ọdún 1930, aṣojú ìjọba Faransé ló jáde wá kí i káàbọ̀ níbẹ̀, àsíá Faransé sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú rẹ̀, ọmọ-ọba náà kò janpata. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1962, adájọ́ 9 sí 3 dájọ́ pé orí ilẹ̀ Cambodia ni tẹ́ḿpìlì náà wà, àti pé kí Thailand kó àwọn ọmọ ogun, ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kúrò nínú tẹ́ḿpìlì náà tàbí ní àyíká rẹ̀ lórí ilẹ̀ Cambodia.

Níbo ni àyíká náà pin sí? Ìdájọ́ kò sọ. Kí oṣù kan tó pé, ìgbìmọ̀ ìjọba Thailand ti jókòó ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, wọ́n ti fa ìlà tiwọn yí tẹ́ḿpìlì náà ká, tímọ́tímọ́, wọ́n ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí i, wọ́n sì gbé pátákó dúró pé àyíká tẹ́ḿpìlì kò kọjá ibí. Cambodia ní tòun kò mọ síbẹ̀. Bí baálẹ̀ tó parí ìjà oko bá kàn wí pé ilẹ̀ náà àti àyíká rẹ̀ ti lágbájá ni, tó sì kọ̀ láti rin ààlà náà kí a gbin pèrègún sí i, ta ni ká dá lẹ́bi bí àdá bá tún yọ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀? Ní ọdún 2008 tí àjọ UNESCO kọ orúkọ tẹ́ḿpìlì náà mọ́ ohun àjogúnbá aráyé, àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè méjèèjì kojú ara wọn sórí òkè náà, títí di ọdún 2011 ni ìbọn sì ń dún léraléra, tí ẹ̀mí ń ṣòfò, tí àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè ń dìgbá dìgbọ̀n sá kúrò lábúlé wọn.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2011, Cambodia padà sí Hague pé kí wọ́n túmọ̀ ohun tí wọ́n sọ ní ọdún 1962. Ọdún 49 ti kọjá. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó dá ẹjọ́ àkọ́kọ́ kò sí lórí àga mọ́. Bí èrò tí mo ń bá jà bá tọ̀nà, kò yẹ kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe rárá. Ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n padà sí inú ìwé ẹjọ́ àtijọ́, wọ́n sì rí ẹ̀rí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ackermann, ẹlẹ́rìí tí Thailand fúnra rẹ̀ pè, ẹni tó lo ọjọ́ bí i mélòó kan lórí òkè náà ní oṣù Keje ọdún 1961. Ó ti sọ fún ilé-ẹjọ́ pé àwọn tí òun rí níbẹ̀ kò ju ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ẹnubodè Thailand kan àti olùṣọ́ tẹ́ḿpìlì kan ṣoṣo lọ. Pé àwọn ọlọ́pàá náà ń gbé ní bùdó wọn nítòsí tẹ́ḿpìlì, olùṣọ́ sì ń gbé ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn díẹ̀. Àwọn adájọ́ ọdún 2013 wá rò ó báyìí: nígbà tí ilé-ẹjọ́ ọdún 1962 ní kí Thailand kó àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ kúrò, àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí nìkan ni a tíì mú ẹ̀rí wọn wá síwájú rẹ̀, bùdó wọn sì wà lẹ́yìn wáyà tí Thailand ta lọ́dún náà. Nítorí náà àyíká tí ìdájọ́ wí kò lè pin síbi wáyà, ó gbọ́dọ̀ dé ibi bùdó náà ó kéré tán. Láti ibẹ̀ wọ́n tẹ̀ lé ìrísí ilẹ̀ àti ìlà máàpù, ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2013 gbogbo wọn sì fi ohùn kan sọ pé ṣóńṣó òkè Preah Vihear látòkè délẹ̀ ni ìdájọ́ ọdún 1962 fún Cambodia, àti pé kò kan òkè Phnom Trap tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí wọn kò ṣe. Thailand ní Cambodia ti fara mọ́ ìlà wáyà náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ilé-ẹjọ́ fèsì pé ìwà tí àwọn ènìyàn hù lẹ́yìn ìdájọ́ kò lè yí ìtumọ̀ ìdájọ́ padà, nítorí pé ìdájọ́ kì í ṣe àdéhùn àárín ẹni méjì. Cambodia ń fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ gbogbo ẹnubodè. Wọn kò gbà. Ilé-ẹjọ́ kò fi ìka kan kún ohun tí àwọn baba wọn sọ, kò sì yọ ìka kan kúrò. Bí ẹnìkan bá ní ìbọn tún dún lẹ́bàá ẹnubodè náà ní ọdún 2025, èmi yóò dá a lóhùn pé òótọ́ ni, ìdájọ́ kò ní ọmọ ogun lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún lè fẹnu wí pé òun kò mọ ẹni tí ilé-ẹjọ́ fún ní ṣóńṣó òkè yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ní ọdún 1962 gan-an ni a ti sọ èyí, ṣebí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ìbá ti yè.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé pẹ̀lú. Ní ọdún 1994 Kamẹrúùnù pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ lórí Bakassi àti ẹnubodè wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1998, ilé-ẹjọ́ dá wa lẹ́bi lórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àtakò tí a kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ìjọba wa padà lọ ní oṣù Kẹwàá láti béèrè ohun kan: ṣé ìdájọ́ yín túmọ̀ sí pé Kamẹrúùnù lè máa kó àwọn ìjà ẹnubodè tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tó pẹjọ́ wá fẹ̀sùn kàn wá, àbí kí ó fi mọ sórí èyí tó kọ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́? Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1999, adájọ́ 13 sí 3 kọ ìbéèrè náà, wọ́n ní a fẹ́ tún ẹjọ́ ro ni. Àwọn mẹ́ta tí kò fara mọ́ ọn ni Weeramantry ọmọ Sri Lanka, Koroma ọmọ Sierra Leone, àti Bọ́lá Ajíbọ́lá ti Abẹ́òkúta, ọmọ ọba Òwu, ọmọ abẹ́ Olúmọ, ẹni tó ti jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ikú Taslim Elias ọmọ Èkó, tí òun náà ti ṣe ààrẹ ilé-ẹjọ́ náà láti ọdún 1982 sí 1985.

N kò sọ èyí nítorí pé orílẹ̀-èdè mi ló jẹ̀bi. Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn tó tọ́ sí ìbéèrè wa jẹ́ èyí tí kò ní dùn mọ́ wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdáhùn ni a béèrè, ilẹ̀kùn títì pa ni a rí. Ẹni tó bá ka ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà dáadáa yóò rí i pé ìdáhùn wà nínú rẹ̀, nítorí wọ́n sọ pé àwọn ti gba Kamẹrúùnù láyè tẹ́lẹ̀ láti mú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn wá. Kí ló wá dé tí wọn kò fi wí pé a gbà láti túmọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì nìyí? Nígbà tí ẹjọ́ náà parí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2002, ilé-ẹjọ́ ní kò sí ẹ̀rí tó tó láti fi ẹ̀sùn ìjà ẹnubodè yìí ká ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó sì dà á nù. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù àlàyé rẹ̀ kò wá ní ìwúwo kankan.

Ìgbà mìíràn wà tí ìlọ́ra náà ná ènìyàn ní ẹ̀mí. Ní ọdún 2004 ilé-ẹjọ́ dájọ́ fún Mẹ́síkò pé Amẹ́ríkà ti ré àdéhùn kọjá nípa àwọn ọmọ Mẹ́síkò 51 tí a kò sọ fún pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti rí aṣojú ìjọba wọn, ó sì ní kí Amẹ́ríkà tún ẹjọ́ wọn yẹ̀ wò ní ọ̀nà tó bá wù ú. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2008 pé ìdájọ́ Hague kò de àwọn ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ bí àwọn aṣòfin kò bá ṣòfin lé e lórí. Mẹ́síkò sáré padà pé kí Hague túmọ̀ ìdájọ́ rẹ̀: ṣé dandan ni kí àtúnyẹ̀wò wáyé, àbí kí Amẹ́ríkà kàn gbìyànjú? Ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n má pa ẹnikẹ́ni ná. Texas pa José Medellín, ọ̀kan nínú àwọn 51 náà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2008. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009 ilé-ẹjọ́ bá Amẹ́ríkà wí pé ó ré àṣẹ òun kọjá, ó sì ṣe dáadáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ìbéèrè ìtumọ̀, ó ní ohun tí Mẹ́síkò ń béèrè kò sí lára ohun tí òun dá lẹ́jọ́ ní ọdún 2004, nítorí náà kò sí ohun tí òun yóò túmọ̀. Kò sí ohun tí a ó túmọ̀, òkú sì wà nílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kan ń fẹnu gbà, ìpínlẹ̀ rẹ̀ ń fi abẹ́rẹ́ ikú kọ̀: bí èyí kò bá jẹ́ ìyàtọ̀ lórí ìtumọ̀ ìdájọ́, kí ni à ń pè ní ìyàtọ̀?

Mo ti sọ pé ẹni tó kọ̀ láti túmọ̀ ní gbangba yóò túmọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ẹjọ́ tó dun Áfíríkà jùlọ. Ní ọdún 1960 Ethiopia àti Làìbéríà, ní orúkọ gbogbo wa, pe Gúúsù Áfíríkà lẹ́jọ́ lórí ìyà tó fi ń jẹ àwọn ènìyàn Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó di Namibia. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1962, adájọ́ 8 sí 7 gbà pé ẹjọ́ náà tọ́ sí iwájú àwọn. Ọdún mẹ́rin ni a fi ro ó, ìwé ẹjọ́ ga bí òkè. Láàrin ìgbà náà adájọ́ kan kú, ara òmíràn kò yá, a sì ní kí òmíràn má jókòó sí i. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1966, ìbò di 7 sí 7, ààrẹ ilé-ẹjọ́, Percy Spender ọmọ Australia, ẹni tó wà lára àwọn tó kéré ní ọdún 1962, fi ìbò kejì tí òfin fún un dájọ́ pé Ethiopia àti Làìbéríà kò ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi lè béèrè ohun tí wọ́n béèrè. Wọ́n ní ohun tí àwọn sọ ní ọdún 1962 kò dí àwọn lọ́wọ́ láti sọ èyí. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Kí ni wọ́n ṣe níbẹ̀? Wọ́n túmọ̀ ìdájọ́ tiwọn, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ títí kò fi ku nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìtumọ̀, a kò sì pe ẹnikẹ́ni kó wá jiyàn lórí ibi tí ìdájọ́ ọdún 1962 pin sí. Bí ó bá jẹ́ pé lábẹ́ abala 60 ni wọ́n ti ṣe é, òfin ìbá ti dì wọ́n lọ́wọ́, nítorí ìtumọ̀ kò gbọdọ̀ pa ohun tó ń túmọ̀. Ní kọ̀rọ̀ ni ó ti ṣeé ṣe, ní kọ̀rọ̀ náà ni iyì ilé-ẹjọ́ ti ṣubú; ọdún 5 ni ó gbà kó tó tún orúkọ ara rẹ̀ ṣe díẹ̀, nígbà tó gba Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nímọ̀ràn ní ọdún 1971 pé Gúúsù Áfíríkà ń gbé ilẹ̀ náà lọ́nà àìtọ́. Ẹ wá sọ fún mi, nínú ọdún 1966 àti ọdún 2013, èwo ni a ti bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ àṣekágbá?

Wọn yóò ní bí a bá la ọ̀nà yìí, ìbéèrè yóò ya bo ilé-ẹjọ́ bí omíyalé. Láti ọdún 1946 tí ilé-ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìbéèrè ìtumọ̀ tó dé iwájú rẹ̀ kò tó 10. Ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà lápapọ̀, tó wà ní San José, ń túmọ̀ ìdájọ́ rẹ̀ lemọ́lemọ́, bí ẹni tó bá fẹ́ béèrè bá ti wá láàrin ọjọ́ 90. Ti Yúróòpù ní Strasbourg fún oníbéèrè ní ọdún kan. Ti Áfíríkà ní Arusha ní agbára kan náà nínú ìwé tó dá a sílẹ̀. Kò sí èyí tí omi gbé lọ nínú wọn. Wọn yóò tún ní ẹni tó jẹ̀bi yóò fi ìtumọ̀ bojú wá tún ẹjọ́ ro. Ó lè gbìyànjú, ṣùgbọ́n ògiri wà: kò gbọdọ̀ mú ẹ̀rí tuntun wá, kò gbọdọ̀ béèrè ohun tí a kò dájọ́, ìwà ẹ̀yìn ìdájọ́ kò sì ràn án lọ́wọ́. Ìgbà tí a bá gbà á wọlé tí a sì dá a lóhùn ni a ó lè mọ ẹni tó ń wá ìmọ́lẹ̀ àti ẹni tó ń wá ihò.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí adájọ́ tó bá ń sọ ilẹ̀ tàbí òkun di ti ẹnìkan sọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó pin sí, kí ó fi máàpù tì í lẹ́yìn, kí ìdájọ́ má di ogún àríyànjiyàn. Nígbà tí ìbéèrè ìtumọ̀ bá dé, kí ilé-ẹjọ́ padà sí ọgbọ́n ọdún 1927: bí àwọn méjèèjì bá ti rí ohun méjì nínú ìdájọ́ kan, ó tó, kí a túmọ̀ rẹ̀ láìwá àríyànjiyàn tó ní ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ bá sì rò pé àwọn aṣáájú òun ṣìnà, kí ó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé a kúrò lórí ohun tí wọ́n sọ, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Kí ó má fi ọwọ́ kan gbé orúkọ wọn ga, kó fi ọwọ́ kejì sin ọ̀rọ̀ wọn.

Àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké ni wọ́n nílò èyí jùlọ. Alágbára ní ọkọ̀ ogun tó lè fi túmọ̀ ìdájọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní ju ìwé ìdájọ́ lọ́wọ́ ni yóò pàdánù bí ìwé náà bá dákẹ́ nígbà tí a bi í léèrè. Ilé-ẹjọ́ tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun jẹ́ òpin, ojúṣe rẹ̀ ni láti rí i pé kò sí ẹni tó lè díbọ́n pé òun kò gbọ́ ọ.